Owó idẹ àwọn ará Róòmù tí a hú lóko: báwo la ṣe ń dá a mọ̀, kí la lè ṣe tí kò fi ní bàjẹ́?

Tọ́lá_Colchester
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ní oko kékeré kan tí mo háyà lọ́wọ́ káńsù níbí ní Colchester, ibẹ̀ ni mo ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí nígbà ooru. Bí mo ṣe ń kọ ebè ní Sátidé, owó idẹ mẹ́rin jáde lójú kan náà. Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó owó £1. Orí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ló wà lára rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ki pọ́pọ́, adé orí rẹ̀ yọ ṣóńṣó ṣóńṣó. Àwọn mẹ́ta yòókù kéré, wọn ò tó 5p. Ọ̀kan ní ẹranko kan bí ajá, nǹkan méjì wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. Òmíràn ní èèyàn méjì tó dúró kọjú síra. Ìkẹta ò hàn rárá, àmọ́ ojú kan lára rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tó ṣì mọ́lẹ̀, ó ń bó bí ìyẹ̀fun.

Ẹni tí oko wa jọ pààlà ní kí n rì wọ́n sínú fínígà mọ́jú, pé wọ́n á dán yanran. Fínígà ti wà lórí tábìlì. Kí lẹ rí sí i?

Baba_Alágbẹ̀dẹ (Leeds)
Àbúrò, gbé fínígà padà sí kíṣìnì kíákíá. Kó lọ ṣe sàláàdì.

Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti ń bá àwọn tó ń lo metal detector, ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀, rìn níbí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé orí ọba àti lẹ́tà tí wọ́n ń wá, kì í ṣe ara idẹ tó wà nísàlẹ̀ ló wà mọ́. Idẹ yẹn, bàbà ni wọ́n po mọ́ tánganran, wọ́n tún fi òjé sí i. Bó ṣe wà nínú ilẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, òkè rẹ̀ ti yí padà di awọ líle, ó lè jẹ́ àwọ̀ ewé, ó lè jẹ́ pupa rúsúrúsú, ó lè dúdú. Inú awọ yẹn gan-an ni irun orí, etí àti lẹ́tà wà báyìí. Ásíìdì inú fínígà máa ń jẹ awọ yẹn. Tó o bá yọ ọ́ láàárọ̀, idẹ pípọ́n tó ní ihò wúruwùru lo máa bá, orí ọba á ti bá omi lọ. Ọ̀kan náà ni ọsàn wẹ́wẹ́, Coca-Cola, Brasso, àti búrọ́ọ̀ṣì onírin. Àwọn mìíràn a tún máa so wáyà iná mọ́ ọn nínú omi oníyọ̀, ìyẹn burú ju fínígà lọ.

Ohun mìíràn tún wà: ọ̀pọ̀ owó àkókò Késárì Constantine àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n fi fàdákà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kùn lójú nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Nígbà míì ó ṣì kù díẹ̀ nínú kọ́lọ́fín lẹ́tà. Fínígà ò ní bi ọ́ kó tó kó o lọ.

Bó bá di dandan kó o yọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò, omi distilled ni, irú èyí tí wọ́n ń bù sínú áyọ́ọ̀nù. Omi ẹ̀rọ ní kílóráìdì nínú, ọ̀tá idẹ sì ni. Rì í síbẹ̀, máa pààrọ̀ omi náà, kó o wá fi igi ìtayín tàbí ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ ta iyẹ̀pẹ̀ kúrò lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Iyẹ̀pẹ̀ rọ̀ ju awọ owó lọ. Bí igi bá kọ̀ tí kò yọ ọ́ mọ́, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú
Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tó ṣe kókó. Èló ni wọ́n ń ra ọ̀kan?

Ìyá_Ìbejì_Salford
Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ ò ní pa wá. Èyí tó kéré tó sì ti gbó, páùn díẹ̀ ni. Àwọn Késárì ìgbà yẹn rọ owó idẹ kékeré bí ẹni ń rọ òjò, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ nínú ilẹ̀. Ẹni tó bá ń wá owó ilé, kó máa bá ibòmíràn lọ.

Tọ́lá, nípa mímọ̀ ọ́n, má tíì béèrè orúkọ ọba. Wọ̀n ọ́n ná. Ra òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn góòlù, kó o sì fi rúlà wọn bó ṣe fẹ̀ ní mìlímítà. Owó idẹ ńlá tó wúwo, tó lè tó gíráàmù 25, tí wọ́n ń pè ní sestertius, ti ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ni, lẹ́tà S àti C sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ni pé àṣẹ ìgbìmọ̀ àgbà Róòmù ló tì í lẹ́yìn. Nígbà tó fi máa di ọdún 260 sí 296, owó tó wọ́pọ̀ ní Bìrìtìkó ti di kékeré, mìlímítà bí ogún, adé ṣóńṣó bí ìtànṣán oòrùn sì wà lórí ọba. Tèyí tó tóbi jù lọ́wọ́ rẹ jọ èyí. Àwọn tó wá tún kéré sí i, tí ọba inú wọn de ọ̀já pẹ́álì tàbí ọ̀já ewé, ti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ni.

Lẹ́tà ló kàn. Gbé owó náà sábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, àmọ́ jẹ́ kí iná náà wá láti ẹ̀gbẹ́, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀, kì í ṣe láti òkè. Òjìji á dúró sẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wà á rí èyí tí o ò rí lọ́sàn-án gangan. Máa yí owó náà díẹ̀ díẹ̀, kó o sì máa ya fọ́tò bó o ṣe ń yí i. Láti apá òsì nísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ aago mẹ́jọ wà, ni ìwé rẹ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, á wá gba òkè yí ká. Kò sí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀, V ni wọ́n sì ń kọ dípò U. IMP, CAES, DN, PF AVG, oríkì ni gbogbo ìyẹn, bí akéwì ṣe ń kó oríkì síwájú kó tó dárúkọ ọba. Ohun tó bá kù láàárín wọn ni orúkọ. Bó bá jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta péré lo rí, kọ ọ́ sílẹ̀ kó o sì fi àlàfo sí ibi tó ti parẹ́.

Èyí tó o pè ní ajá yẹn, abo ìkòokò ni. Ó ń fún Romulus àti Remus lọ́mú, ìbejì tí wọ́n ní wọ́n tẹ Róòmù dó. Èmi tí mo bí ìbejì, owó yẹn ni ààyò mi. Bó o bá wo òkè ẹ̀yìn ìkòokò náà wà á rí ìràwọ̀ méjì. Orí tó wà ní òdìkejì, tó dé akoto, kì í ṣe ọba o. Ìlú Róòmù fúnra rẹ̀ ni wọ́n yà bí obìnrin, VRBS ROMA ló sì wà yí i ká. Ọdún 330 ni Constantine bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́, nígbà tó ń ṣí Constantinople, ó sì rọ èkejì rẹ̀ fún ìlú tuntun náà: obìnrin abìyẹ́ tó gbé ẹsẹ̀ lé iwájú ọkọ̀ ojú omi.

Ti èèyàn méjì, sójà ni wọ́n. GLORIA EXERCITVS, ògo ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Jọ̀ọ́, ka àsíá tó wà láàárín wọn. Bó bá jẹ́ méjì, ọdún 330 sí 335. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, 335 lọ sókè. Ohun kékeré yẹn nìkan máa sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún ẹ, bí orúkọ ọba ò tilẹ̀ hàn.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ìlà, lẹ́tà kéékèèké wà níbẹ̀ tó ń sọ ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́. TRP tàbí TRS, Trier ní Jámánì. PLG, Lyon. PCONST, Arles. SIS, Sisak ní Croatia. PLON, Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ wọ́n ti ti ilé ìrọwó Lọ́ńdọ̀nù pa lọ́dún 325, nítorí náà ìkòokò ò lè ti ibẹ̀ wá. Bí gbogbo rẹ̀ bá rí wọ́gọwọ̀gọ, tí lẹ́tà ò para pọ̀ sọ nǹkan kan, tí ìkòokò jọ ewúrẹ́, má jù ú nù. Nígbà tí owó ò dé Bìrìtìkó dáadáa mọ́, àwọn ará ibẹ̀ rọ tiwọn ní àfarawé, iyẹn náà ti di ìtàn. OCRE ni kó o wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni: tẹ lẹ́tà tó o bá rí sí i, á kó àwọn tó bá a mu jáde pẹ̀lú fọ́tò.

Olùkọ́_Ìtàn (Lọ́ńdọ̀nù)
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ti òfin, torí Tọ́lá lè bá a pàdé.

Lákọ̀ọ́kọ́, ilẹ̀ káńsù ni. Ohun tí a bá hú nínú ilẹ̀ onílẹ̀, onílẹ̀ ló ni ín àyàfi bí ẹ bá ti jọ ṣàdéhùn. Kàn sí wọn. Ìkejì, òfin ìṣúra ti ọdún 1996 tó wà fún England, Wales àti Northern Ireland sọ pé owó tó lé ní 300 ọdún, tó jẹ́ wúrà tàbí fàdákà, méjì tó jáde láti ibì kan náà ti tó ìṣúra. Bó bá jẹ́ idẹ lásán, ó gbọ́dọ̀ tó mẹ́wàá. Mẹ́rin ò tíì pé. Ṣùgbọ́n bó o bá tún kọ ebè tí mẹ́fà yọ lójú kan náà, ìṣirò ti yí padà nìyẹn, o sì ní ọjọ́ 14 láti jẹ́ kí coroner, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìṣúra, gbọ́. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ lè sanwó ìtanràn tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n. Ẹni tó bá wà ní Scotland, òfin tiyín le ju èyí lọ: ohun ìṣẹ̀ǹbáyé yòówù kẹ́ ẹ hú níbẹ̀, bó jẹ́ ẹyọ kan, ẹ gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀.

Bí òfin ò bá tilẹ̀ mú un, mú un lọ fún Finds Liaison Officer agbègbè rẹ. Iṣẹ́ Portable Antiquities Scheme ni, British Museum ló ń darí rẹ̀, wọn kì í gbowó. Wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ tí gbogbo ayé lè wò, wọ́n á sì dá a padà fún ẹ. Colchester tó o wà yẹn, ìlú tí àwọn ará Róòmù fi àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì tẹ̀dó lọ́dún 49 ni. Ibi tí owó ti jáde máa ń sọ ju ohun tí owó fúnra rẹ̀ ń sọ lọ.

Ẹ wo ti Frome ní Somerset lọ́dún 2010. Dave Crisp fi metal detector kan ìkòkò kan tí owó kún inú rẹ̀. Bó ṣe rí i pé ìkòkò ni, ó dá ọwọ́ dúró, ó bo ilẹ̀ padà, ó pe àwọn awalẹ̀pìtàn. Ìpele ìpele ni wọ́n kó o jáde, 52,503 ni gbogbo rẹ̀. Owó Carausius, ọba kan tó jẹ ní Bìrìtìkó, ló kẹ́yìn jù nínú wọn, síbẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ ò sí lókè. Ó ti rì kọjá ìdajì ìkòkò. Bí ẹnì kan bá ń tọ́jú owó síbẹ̀ lọ́dọọdún, òkè ló yẹ kí tuntun wà. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò náà. Ká ní ó tú u sínú báàgì ni, kò sẹ́ni tí ì bá mọ èyí láéláé.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú
Ó dáa, mo gbọ́. Tọ́lá, ra metal detector, kí àwa méjèèjì jọ padà síbẹ̀ lálẹ́.

Olùkọ́_Ìtàn (Lọ́ńdọ̀nù)
Ẹ̀wọ̀n ń pè ẹ́. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní orúkọ níbí, nighthawk ni wọ́n ń pè wọ́n, olè ni lójú òfin. Ibi tí ìjọba bá ti kà sí ibi ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dáàbò bò, o ò gbọ́dọ̀ gbé detector débẹ̀ láìgbàṣẹ, bó jẹ́ ọ̀sán gangan. Colchester sì kún fún irú ibẹ̀.

Àǹtí_Mùsíọ́mù (Bristol)
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fò kọjá ló ń dá mi lóró: ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé lára èyí tó ṣìkẹrin. Tọ́lá, ya ìyẹn sọ́tọ̀ báyìí báyìí.

Awọ aláwọ̀ ewé tó dára máa ń le, ó ń dán, èékánná ò lè họ ọ́. Èyí tó mọ́lẹ̀ tó sì ń bó bí ìyẹ̀fun, àrùn idẹ ni wọ́n ń pè é. Kílóráìdì láti inú iyọ̀ ilẹ̀ ló ti wọ inú owó náà, ó sì para pọ̀ mọ́ bàbà. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbi gbígbẹ, ó sùn. Bí ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ bá kàn án, á jí, á yọ ìyẹ̀fun yẹn, á tún pèsè ásíìdì tó ń jẹ bàbà tó kù, ásíìdì yẹn á sì tún bí òmíràn. Kì í dúró fúnra rẹ̀. Mo ti rí owó tó gún régé nínú fọ́tò àtijọ́, tí ihò bí ojú abẹ́rẹ́ ti kún ojú rẹ̀ nígbà tó dé tábìlì mi.

Ìdánwò rẹ̀ rọrùn. Fi igi ìtayín gbo ìyẹ̀fun náà kúrò, ya fọ́tò ibẹ̀, tọ́jú owó náà, kó o padà wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bó bá ti tún yọ, òun ni. Kì í fò láti ara ọ̀kan sí èkejì bí ikọ́, àmọ́ ọ̀rinrin tó jí i náà ni àwọn tó wà nínú àpótí kan náà ń mí.

Ìwòsàn àkọ́kọ́ ni gbígbẹ. Wá ike tó ń dé pinpin, irú èyí tí wọ́n ń fi ọbẹ̀ sí nínú fíríìsà, kó àwọn àpò kéékèèké silica gel tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i. Èyí tí wọ́n ń tà tó ń yí àwọ̀ padà ló dára jù, torí á sọ fún ẹ nígbà tó bá ti yó omi. Ra òṣùwọ̀n ọ̀rinrin kékeré kan sínú ike náà. Bí ọ̀rinrin bá wà lábẹ́ 40%, àrùn náà á fẹ̀yìn tì. Balùwẹ̀ àti kíṣìnì, ẹ má gbé owó idẹ débẹ̀.

Àwọn kan ń rì í sínú kẹ́míkà sodium sesquicarbonate fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè yí àwọ̀ owó padà. Benzotriazole, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ mùsíọ́mù, májèlé ni. Lẹ́yìn tí owó bá ti gbẹ kanlẹ̀ tí kò sì sí àrùn, ẹ lè fi Renaissance Wax fẹ́ẹ́rẹ́ kùn ún. British Museum ló ṣe é jáde fún irú iṣẹ́ yìí. Tí ẹ bá kun ún lórí àrùn, ẹ ti de àrùn mọ́lé ni.

Ìdí tí mo fi ń pariwo: àwọn orí Ifẹ̀ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, bàbà àti idẹ náà ni. Ìṣọ́ra kan náà ni gbogbo wọn ń fẹ́.

Kúnlé_Luton
Òróró ólífì ni èmi ń lò o. Mo ń rì í sínú rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ń rọ̀, owó ń dúdú dáadáa. Kò sóhun tó ṣe é.

Àǹtí_Mùsíọ́mù (Bristol)
Bọ̀dá Kúnlé, ẹ má bínú. Òróró ní ásíìdì tirẹ̀, ó kàn ń rọra ṣe é ni. Dídúdú tí ẹ ń rí yẹn, òróró tó ti wọnú awọ ló fà á, yíyọ rẹ̀ kúrò kì í rọrùn fún ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú owó náà lẹ́yìn yín.

Kúnlé_Luton
Ẹ ṣeun, àmọ́ mi ò tíì gbà tán. Àwọn tó wà lọ́wọ́ mi ṣì ń ṣe dáadáa.

Baba_Alágbẹ̀dẹ (Leeds)
Kúnlé, fún un lákòókò díẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí tẹ́ ẹ ti fẹ́ lọ ra àpò owó "tí wọn ò tíì fọ̀" lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ rọra. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n jí hú láti ilẹ̀ àwọn Balkan, kò níwèé, kò nítàn. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi gọ́ọ̀mù lẹ yanrìn mọ́ ayédèrú kó lè jọ èyí tó ti aṣálẹ̀ wá. Ẹ wo etí owó: bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bá yí i ká, inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ti dà á, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òòlù ni àwọn ará Róòmù fi ń lu owó tiwọn. Ihò róbótó kéékèèké lójú rẹ̀ náà, afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dà á ni. Bí owó méjì bá rí bákan náà délẹ̀, dé orí ibi tí etí ti ya, ọ̀kan nínú wọn tàbí méjèèjì ni ayédèrú.

Tọ́lá_Colchester
Ẹ kú làálàá o. Mo ti wọ̀n wọ́n. Ìkòokò: mìlímítà 17, TRP wà nísàlẹ̀. Sójà: àsíá kan ṣoṣo, lẹ́tà ìsàlẹ̀ ti parẹ́. Ọlọ́rùn-kíki: mìlímítà 23, gíráàmù 3.9. Mo rí …AVSIVS PF AVG. Ní ẹ̀yìn, obìnrin kan dúró, ó na ẹ̀ka igi kan síwájú, PAX…, ML sì wà nísàlẹ̀. Oníyẹ̀fun ti wà nínú ike tirẹ̀ pẹ̀lú silica gel.

Ìyá_Ìbejì_Salford
Ẹ́ẹ̀! Tọ́lá, Carausius lo gbé lọ́wọ́. ML, ilé ìrọwó Lọ́ńdọ̀nù. Ìkòokò rẹ, Trier ni. Sójà alásíá kan, 335 tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Olùkọ́_Ìtàn (Lọ́ńdọ̀nù)
Ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi ni Carausius. Lọ́dún 286, Maximian, tó ń ṣàkóso Róòmù pẹ̀lú Diocletian, ní kí wọ́n pa á, ó sì gba Bìrìtìkó mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sọ ara rẹ̀ di Késárì. Òun ló dá ilé ìrọwó sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọgbọ́n inú rẹ̀ pọ̀: ó rọ owó kan tó gbé orí tirẹ̀ síbi kan pẹ̀lú ti Diocletian àti Maximian, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé Carausius àti àwọn arákùnrin rẹ̀. Àwọn "arákùnrin" yẹn kò gbà. Allectus, ọmọ abẹ́ rẹ̀, ló pa á lọ́dún 293. Obìnrin tó mú ẹ̀ka igi yẹn ni Àlàáfíà.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú
Ìtàn ti dùn báyìí. Ṣé ọmọ dúdú kankan wà nínú gbogbo ọba yìí?

Olùkọ́_Ìtàn (Lọ́ńdọ̀nù)
Nípa ti àwọ̀, kí n má purọ́. Àmọ́ ọmọ Áfíríkà wà: Septimius Severus, Leptis Magna ní ilẹ̀ Libya òní ni wọ́n ti bí i, York ló sì kú sí lọ́dún 211 nígbà tó ń bá àwọn ará àríwá jagun. Owó rẹ̀ ń jáde nínú ilẹ̀ níbí dáadáa.

Tọ́lá_Colchester
Ìbéèrè kan ló kù. Mo ní àwọn àpò ike rírọ̀ tí wọ́n ń fi owó sí, tó ní ojú méjì. Ṣé mo lè kó wọn sínú rẹ̀ kí n tó mú wọn lọ fún Finds Liaison Officer?

Àǹtí_Mùsíọ́mù (Bristol)
Gbóòórùn rẹ̀ ná. Bó bá ń rùn bí kọ́tìnnì balùwẹ̀ tuntun, PVC ni, á sun omi aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ owó. Mylar, ike tí kì í ṣe PVC, ni kó o rà, tàbí àpò bébà tí kò ní ásíìdì. Bó bá di pé o ra àpótí onígi lọ́jọ́ iwájú, kó jẹ́ mahogany, má ra oak, igi yẹn ń mí ásíìdì jáde. Ẹyọ owó kan sí àpò kan. Etí rẹ̀ ni kó o máa dì mú, òógùn ọwọ́ ní iyọ̀. Lẹ́yìn àpò kọ̀ọ̀kan, fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ tó jáde, bó ṣe jìn tó nínú ilẹ̀, àti ojú ibi tó o ti hú u látorí máàpù fóònù rẹ. Kọ ọ́ kó o tó fi owó sínú àpò, kí pẹ́ńsù má baà tẹ̀ ẹ́.